Àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, tàbí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?

Nínú The Tonight Show, ètò ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n tí Johnny Carson darí lórí NBC ní Amẹ́ríkà láti 1962 sí 1992, àwọn àlejò máa ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti sọ tiẹ̀ tán á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí àga gígùn kí ẹni tó kàn lè ráyè jókòó. Àbùkù ibẹ̀ ni pé bí àlejò bá tutù bí omi àmù, atọ́kùn nìkan ló máa du ọ̀rọ̀ náà là.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ tí Graham Norton ń darí lórí BBC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2007, yàtọ̀. Gbogbo àlejò ló jọ ń jókòó, ife ọtí wà níwájú wọn, ẹnì kan á sọ̀rọ̀, èkejì á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni ò múra sílẹ̀ fún ló ń ti ibẹ̀ bú jáde, òun ló sì dùn jù! Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́nu mímú kan bá gbalé kan, onítìjú á dákẹ́ bí ère, àfi kí Norton tètè darí ìbéèrè sí i. Nígbẹ̀yìn, ará ìlú á sọ ìtàn lórí àga pupa. Bí kò bá dùn, wọ́n á fa ọ̀pá kan, àga á dà á sẹ́yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà lókè.

Fún apanilẹ́rìn-ín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ti Carson ni mo fara mọ́. Apanilẹ́rìn-ín náà nìkan ló máa ń dúró níwájú èrò, bó bá sì ṣe tán tí Carson juwọ́ pè é wá sórí àga, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ pé ó ti dé ibi gíga.