MRI ọpọlọ fún ọmọ tí a fura sí pé ó ní àìsàn àjogúnbá: ó tó owó rẹ̀, bí ẹni tó kọ ìwé àyẹ̀wò bá mọ ohun tó ń wá

Àwọn àìsàn àjogúnbá kan wà tí kì í jẹ́ kí ara ọmọ lo oúnjẹ bó ṣe yẹ, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń ba ọpọlọ jẹ́. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, kì í sábà dá orúkọ wọn sọ. Ó ń jẹ́ kí dókítà mọ ohun tó yẹ kó wá nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ọmọ, kó má máa wá kiri lásán.

Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn, glutaric aciduria type 1, níbi tí ara kò ti lè lo lysine, èròjà kan nínú protein, bó ṣe yẹ. Àlàfo ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ, lọ́tùn-ún lósì, á ṣí sílẹ̀ bí ìyẹ́ àdán. Orí ọmọ sábà máa ń tóbi, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà sábẹ́ awọ tó bo ọpọlọ, débi pé wọ́n lè fẹ̀sùn kan òbí pé ó lu ọmọ. Dókítà tó mọ àwòrán yìí kà á ní kí wọ́n yẹ organic acid (àwọn ásíìdì tí àìsàn náà ń mú pọ̀) inú ìtọ̀ wò kíákíá. Oúnjẹ tí lysine rẹ̀ mọ níwọ̀n, pẹ̀lú carnitine (èròjà kan tí wọ́n ń fún ọmọ bí oògùn), lè dáàbò bo ọmọ náà kí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru kan tó mú kó má lè jókòó mọ́.

Nínú àyẹ̀wò MRI, apá tí wọ́n ń pè ní spectroscopy la kà sí pàtàkì jù, òun náà ni wọ́n sì ń gbàgbé jù. Ó ń wọn kẹ́míkà inú ọpọlọ, èsì rẹ̀ á sì jáde ní ṣóńṣó-ṣóńṣó lórí ìlà tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ṣóńṣó NAA (kẹ́míkà inú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ), ní 2.0, máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ nínú Canavan, àìsàn àjogúnbá tó ń ba apá funfun ọpọlọ jẹ́. Bí creatine, kẹ́míkà tó ń bá ọpọlọ tọ́jú agbára, bá ṣaláìní nínú ọpọlọ, àwòrán lè dà bíi pé kò sí nǹkan kan, àmọ́ ṣóńṣó tó yẹ kó wà ní 3.0 kò ní sí níbẹ̀. Ti lactate, ásíìdì tó máa ń pọ̀ bí sẹ́ẹ̀lì kò bá rí agbára tó, wà ní 1.3, níbi tí ṣóńṣó ọ̀rá pẹ̀lú ti máa ń jáde. Bí wọ́n bá lo TE 144 (TE ni àkókò tí ẹ̀rọ fi ń dúró kó tó gba àmì, ní millisecond) lórí ẹ̀rọ 1.5T (T, ìyẹn Tesla, ni ìwọ̀n agbára mágnẹ́ẹ̀tì), lactate á dorí kodò, ọ̀rá kò ní dorí kodò. Ẹ̀rọ 0.2T tàbí 0.3T, tó pọ̀ ní Nàìjíríà, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ béèrè agbára ẹ̀rọ kí ẹ tó sanwó.

Ewu tó tóbi jù ni ebi. Kí wọ́n tó fún ọmọ lóògùn oorun, wọ́n á ní kó má jẹun fún wákàtí 6, kó má mu ọmú fún wákàtí 4. Ìyẹn lè dá irú ọmọ yìí dùbúlẹ̀ gan-an. Kí wọ́n fi í ṣáájú ní àárọ̀, kí wọ́n fa glucose 10% sí i lára látìgbà tí ààwẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fura sí àìsàn mitochondria (apá sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè agbára), kí wọ́n yẹra fún Ringer's lactate, omi ìfàsára tí lactate wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3 sábà máa ń sùn láìsí oògùn bó bá mu ọmú yó, tí wọ́n wé e dáadáa, tí wọ́n sì di etí rẹ̀, nítorí ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀.

Lactate máa ń ga lára ọmọ tí kò tètè ké nígbà ìbí pẹ̀lú, nítorí náà kò tó láti fi dájọ́ lóun nìkan. Kí ọmọ tó pé ọdún 2, apá funfun ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pe ara líle ní àìsàn.

Lórí ìwé, kí dókítà kọ T1, T2, FLAIR, DWI (oríṣi àwòrán MRI ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin), àti spectroscopy ní TE kúkúrú àti TE 144, ní basal ganglia (apá kan tó wà ní àárín gbùngbùn ọpọlọ) àti apá funfun. Ẹ gba CD àwòrán náà pẹ̀lú ìwé èsì, kí dókítà mìíràn lè tún un kà.