Ìwé Àyẹ̀wò IEG Lórí Ẹ̀yáwó Báńkì Àgbáyé: Máàkì Nìkan Kò Tó

IEG (Independent Evaluation Group) ni ẹ̀ka tó ń yẹ iṣẹ́ Báńkì Àgbáyé wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ná owó tán. Abẹ́ ìgbìmọ̀ àwọn olùdarí báńkì ló wà, kò sí lábẹ́ àwọn tó ń yáni lówó. Ìyẹn ló fi lè bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ wọn. Ọ̀fẹ́ ni ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú nọ́ńbà iṣẹ́ náà, lẹ́tà P àti nọ́ńbà mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fi wá èyí tí wọ́n ń pè ní ICR Review, ìyẹn àyẹ̀wò IEG lórí ìròyìn ìparí iṣẹ́.

Ìpele mẹ́fà ni máàkì rẹ̀ ní. Èyí tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà ni Moderately Satisfactory, tó wà nípò kẹta láti òkè. Iṣẹ́ tó gbà á ní àléébù tí kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ wọ́n ń kà á mọ́ àwọn tó yege. Bí báńkì bá ń yangàn pé iṣẹ́ òun ń yege, ẹ béèrè mélòó nínú wọn ló wà nípò kẹta.

Abala tí wọ́n kọ M&E sí, ìyẹn bí wọ́n ṣe tọpinpin iṣẹ́ tí wọ́n sì wọn àbájáde rẹ̀, ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣí. Ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú. Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ omi ṣe àpẹẹrẹ: wọn ò ka iye ilé tó ní omi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, kò sí ohun tí wọn yóò fi wé e. Wọ́n á ka gígùn páìpù tí wọ́n rì, wọn ò ní ka wákàtí tí omi fi ń yọ lójúmọ́. Bí wọ́n bá sì yí àfojúsùn padà láàárín ọ̀nà, IEG lè fún apá ti àtijọ́ àti apá ti tuntun ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó wá fi iye owó tí wọ́n ná lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n wọ́n pọ̀. Ọ̀nà yìí bójú mu, torí kò jẹ́ kí wọ́n sọ àfojúsùn di kékeré kí wọ́n sì gba máàkì ńlá.

Ìwé IEG tó dára jù láti fi kọ́ṣẹ́ ni ti ọdún 2009 lórí páìpù epo Ṣáàdì sí Kamẹrúùnù, 1,070 kìlómítà láti Doba dé etíkun Kribi. Páìpù náà parí, epo ń ṣàn, owó tó wọlé sì ju èyí tí wọ́n retí lọ. Ṣùgbọ́n òfin tó ní kí wọ́n ya ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó epo sọ́tọ̀ fún ìran tó ń bọ̀ ni ìjọba Ṣáàdì yí padà lọ́dún 2006, wọ́n pa àpò owó náà rẹ́, wọ́n sì fi ètò ààbò kún ohun tí owó epo lè bọ́ sí. Ní 2008 Ṣáàdì san gbèsè rẹ̀ ṣáájú àkókò, báńkì sì kúrò níbẹ̀. IEG kò fi páìpù tó dúró dáadáa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: ó ní ètò náà kùnà lórí ìṣẹ́ tó yẹ kó dínkù.

Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ní ẹ̀ka àyẹ̀wò tirẹ̀, IDEV, ní Abidjan. Máàkì 1 sí 4 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sì ni ìwé wọn.

Àléébù ńlá ICR Review ni pé orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kọ fúnra wọn ni wọ́n ń kà, wọ́n á sì bá ọ̀gá iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Ẹnì kankan kì í lọ wo ẹ̀rọ omi náà. PPAR, ìwé àyẹ̀wò IEG mìíràn tó jinlẹ̀ jù, ni wọ́n ń torí rẹ̀ rìnrìn àjò, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, lórí ìwọ̀nba iṣẹ́ díẹ̀. Bí ẹ bá rí i lórí iṣẹ́ tí ẹ ń wá, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.