Ìkìlọ̀ o: ẹ ṣọ́ra fún clay lube páńdà tí wọ́n ń rọ sínú ìgò òyìnbó

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ fẹ́ràn kí mọ́tò máa dán, ẹ dákun ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Ọ̀gbẹ́ni kan wà l'Ékòó níbí, orí WhatsApp status ló ti ń polówó, ó ní lube tí wọ́n fi ń clay mọ́tò lòun ń tà (clay ni nǹkan rírọ̀ bí amọ̀ tí wọ́n ń fi ra ara mọ́tò, lube sì ni omi tó ń yọ̀ tí wọ́n ń fín síbẹ̀ kí clay lè máa yọ̀ lọ), pé tààrà láti Amẹ́ríkà ló ń wọlé. Irọ́ ni jàre. Ìgò táwọn èèyàn ti lò tán ló ń rọ nǹkan sí. Kọ́sítómà mi kan gbé méjì wá pé kí n fi ṣiṣẹ́ lára Camry dúdú òun, bí mo ṣe ṣí àkọ́kọ́ báyìí òórùn kẹrosíìnì ló pàdé mi, ìkejì ń rùn bí ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ abọ́, bẹ́ẹ̀ lébẹ̀ẹ̀lì kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì! Mo fi ìka tó tutù ra lébẹ̀ẹ̀lì ọ̀hún, íǹkì ń ṣí.

Ẹlòmíì á ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí kó ṣáà ti máa yọ̀ ni. Ẹ gbọ́, clay yẹn ló ń fa ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà kúrò, ẹ̀rún irin tó ń ta láti ara bíréèkì, oje igi, ọ̀dà tí wọ́n fín nítòsí tátẹ́gùn gbé wá, gbogbo ohun tí ọṣẹ àtomi ò lè yọ. Lube ni ò ní jẹ́ kí ìdọ̀tí tí clay ti gbé máa ha ọ̀dà. Tí ò bá yọ̀ dáadáa clay á máa há, á máa fà, ìlà wẹ́wẹ́ á kún ojú mọ́tò, pàápàá dúdú, tóòrùn bá tàn sí i lẹ ó rí i, ó di kẹ́ ẹ lọ sanwó polish. Kẹrosíìnì lè mú kí clay fúnra ẹ̀ rọ̀ kó máa lẹ̀ mọ́ mọ́tò. Ọṣẹ abọ́ sàn díẹ̀, ó ń yọ̀, àmọ́ ó ń bó wax, ṣé owó ọṣẹ abọ́ lẹ wá san ni?

Ẹ má fi fọ́ọ̀mù dájọ́ o, ojúlówó náà lè hó. Ẹ wo ìdérí bóyá wọ́n ti ṣí i rí, ẹ gbóòórùn ẹ̀, kẹ́ ẹ fín in sórí gíláàsì tẹ́ ẹ ti fọ̀, ẹ fi clay rọra gbé e lọ gbé e bọ̀. Tó bá ń há, ẹ dá a padà.

Kò tiẹ̀ pọn dandan kéèyàn ra èyí tí wọ́n kọ clay lube sí lára. Shampoo mọ́tò gidi tẹ́ ẹ pò mómi ń ṣiṣẹ́. Optimum No Rinse náà wà, ìyẹn ọṣẹ mọ́tò tí wọn kì í fomi ṣàn kúrò, 1:64 ni wọ́n ń pò ó fún clay, bíi 15 ml sínú líítà omi kan, ìgò kan á pẹ́ lọ́wọ́ yín. Abẹ́ ìbòjì ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, díẹ̀díẹ̀, kó má gbẹ. Clay tó bá já sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọ́ nù.

Mi ò kọ orúkọ ọ̀gbẹ́ni yẹn torí ó ń pààrọ̀ orúkọ àti nọ́ńbà. Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a mọ̀ ni pé kì í gba pay on delivery láéláé, tẹ́ ẹ bá sì ní kó fín in sí gíláàsì nínú fídíò kẹ́ ẹ rí i, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Kọ́sítómà mi pè é pé kó wá kó ọjà ẹ̀, ó ti bulọ́ọ̀kù ẹ̀.