Irúgbìn edelweiss tí mo rà: irúgbìn dára, ìlànà ẹ̀yìn páálí ló ṣì mí lọ́nà

Ara owó ẹyọ sẹ́ǹtì 2 ti Austria ni mo ti kọ́kọ́ rí òdòdó yìí, àtìgbà náà ló ti ń wù mí láti gbìn ín. Páálí àkọ́kọ́ tí mo rà, ẹyọ kan kò hù nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí ni mo ṣe láìyẹsẹ̀: bo irúgbìn mọ́lẹ̀, lo iyẹ̀pẹ̀ tó lọ́ràá, máa bomi rin ín lójoojúmọ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi bomi rin iyẹ̀pẹ̀ lásán. Ó dùn mí gan-an.

Edelweiss kì í ṣe òdòdó ilẹ̀ ọlọ́ràá rárá. Orí àwọn òkè Alps ló ti wá, láti nǹkan bíi mítà 1,800 lọ sókè, nínú pàlàpálá òkúta ẹfun, níbi tí oòrùn ti ń ta ṣáṣá tí omi òjò kì í sì í dúró. Irúgbìn rẹ̀ kéré bí eruku, ìmọ́lẹ̀ ló sì fi ń hù. Ẹni tó bá fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó ti sin ín nìyẹn.

Ọwọ́ iléeṣẹ́ kan náà ni mo ti ra páálí kejì, torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá irúgbìn ló ti kú ni àbí ìlànà ni kò dáa. Mo po iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ mọ́ yanrìn tí kò kúná àti òkúta wẹ́wẹ́. Mo wọ́n irúgbìn sójú rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, mi ò bò ó. Inú abọ́ omi ni mo gbé ìkòkò náà lé kó máa fa omi láti ìsàlẹ̀, torí béèyàn bá da omi lé e lórí, ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo irúgbìn máa wọ́ lọ. Mo fi ọ̀rá wé e, mo gbé e sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó lè dà bíi pé ó la ìgbà yìnyín kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí mo gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó hù. Mo ka mọ́kànlélógún. Mo tún un kà.

Ọdún àkọ́kọ́, ewé tóóró aláwọ̀ eérú nìkan lẹ máa rí. Ọdún kejì ló tanná fún mi. Ohun funfun tí gbogbo èèyàn ń pè ní òdòdó yẹn, ewé tí irun bò ni; àwọn kókó kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè tó ṣùjọ sáàárín ni òdòdó gan-an. Mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀, ó rí bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ìrì sì dúró róbótó-róbótó lórí irun náà. Irun yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn àti òtútù, tí kì í jẹ́ kó tètè gbẹ.

Mẹ́fà kú lọ́wọ́ mi nígbà òtútù, àmọ́ òtútù kọ́ ló pa wọ́n. Omi ló dúró sí wọn nídìí, ìdí wọn jẹrà. Àwọn tí mo fi òkúta wẹ́wẹ́ yí lọ́rùn, tí mo sì fi gíláàsì ṣíji bò lórí, kò sí èyí tó kú nínú wọn. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ o. Mo dán an wò lára ìkòkò kan: ó ga, ó tutù yọ̀yọ̀, ó wá wó lulẹ̀, funfun rẹ̀ sì ṣá. Kì í pẹ́ láyé púpọ̀, nítorí náà ẹ máa hú u lọ́dún méjì sí mẹ́ta, kẹ́ ẹ pín gbòǹgbò rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un gbìn.

Irúgbìn wọn gba máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún lọ́wọ́ mi. Ìlànà ẹ̀yìn páálí kò gba nǹkan kan. Mo ti kọ̀wé sí wọn nípa rẹ̀, àmọ́ páálí tí mo rà kẹ́yìn ṣì ń sọ pé ká bo irúgbìn mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ má bò ó.