Àwòrán wọn mọ́ kedere, àmọ́ alálàyé wọn ń da eré rú mọ́ wa lójú

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó dáa o, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé èébú ni mo gbé wá. Ó ti tó sáà mẹ́ta báyìí tí mo ti ń sanwó oṣooṣù fún àwọn tó ń gbé béèsìbọ́ọ̀lù Major League, líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, wá sórí fóònù àti tẹlifíṣàn yìí, àwòrán wọn mọ́ kedere, kì í dédé gan láàárín eré, bí mo bá sì pẹ́ délé mo lè dá a padà sí inning kìíní, ìyẹn ìpín àkọ́kọ́ nínú mẹ́sàn-án tí wọ́n pín eré sí, kí n wò ó látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìyẹn, mo fún wọn ní máàkì wọn pé pérépéré. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo lọ̀rọ̀ mi wà, ẹni tí wọ́n gbé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọmẹntétọ̀ wọn pé kó máa ṣàlàyé. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà.

Fún ẹni tí ò bá mọ bó ṣe ń lọ, èèyàn méjì ló máa ń wà nínú yàrá yẹn. Ẹni àkọ́kọ́ á máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, pé bọ́ọ̀lù ti kúrò lọ́wọ́ pitcher tó ń jù ú, pé batter ti fi igi gbá a, pé ó ti lọ sápá òsì. Ẹnì kejì, tó sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ti gbá a rí fúnra ẹ̀, òun ló máa sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìdí yẹn gan-an la torí ẹ̀ ń sanwó, torí èyí tó ṣẹlẹ̀, ojú wa ti rí i. Ọkùnrin tí mò ń sọ yìí gbá béèsìbọ́ọ̀lù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ ẹ̀ mọ̀ ọ́n, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ẹnu ẹ̀ ni ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ gbọ́ èyí tó sọ lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo sáré kọ ọ́ sórí ìwé kó má bàa bọ́ lọ́wọ́ mi. Inning kẹjọ ni, out méjì ti wà nílẹ̀ (èèyàn méjì ti kúrò, ẹnì kẹta ló ń parí ìgbà ikọ̀ tó ń gbá a), eléré wà ní béèsì kejì, òmíì wà ní ìkẹta (ẹni tó bá sá yí béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká padà délé ló ń gba àmì kan), ball mẹ́ta, strike méjì (ball ni èyí tí pitcher jù síbi tí kò yẹ tí batter ò gbá, mẹ́rin ló ń fún un ní béèsì kìíní; strike ni èyí tó yẹ kó gbá tí kò bá a, ẹ̀kẹta ló ń lé e kúrò), gbogbo stadium ti dìde dúró. Pitcher ju slider, bọ́ọ̀lù tó máa ń yà bó bá ti fẹ́ dé, batter fi igi gbá afẹ́fẹ́, inning parí. Èmi àti àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré yìí ti tẹ́tí sílẹ̀ pé kí bàbá wí nǹkan. Ló bá ní: "Ṣé ẹ rí i, ibi tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù yẹn sí kọ́ ló jù ú sí, àmọ́ ibi tó yẹ kó lọ náà ló lọ, torí nírú àsìkò báyìí bọ́ọ̀lù tó dáa lo gbọ́dọ̀ jù, àfi tí èyí tó dáa ò bá sí, ìgbà yẹn wàá ju èyí tó bá wà." Àbúrò mi yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n sọ?" Mo ní kó jẹ́ n tún un gbọ́. Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ náà kàn ń pòòyì lójú kan bí òkòtó ni.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó sọ ò le rárá. Láti ibi tí pitcher dúró sí lórí òkìtì dé home plate tí batter dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 60 àti ínṣì 6 ni. Fastball tó bá ń sá eré máìlì 95 ní wákàtí kan, nǹkan bíi ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ló máa fi dé ọ̀hún, ẹ ò tíì ṣẹ́jú dáadáa. Batter ò ráyè wo bọ́ọ̀lù títí á fi dé iwájú ẹ̀, ó ti gbọ́dọ̀ pinnu nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́nà. Pitcher ọjọ́ yẹn ti ju fastball mẹ́ta tẹ̀ léra sí i, ara batter ti mọ eré yẹn, ló bá fi apá kan náà ju slider, tó jọ fastball títí ó fi kù díẹ̀ kó dé, kó tó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó sì rọ̀ sílẹ̀. Ó parí, gbólóhùn méjì péré ni. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, ó ní kí n dá a padà kóun fi ojú ara òun rí i, nígbà tó rí ibi tí bọ́ọ̀lù ti yà, ńṣe ló pariwo.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé nọ́ńbà wà níwájú ẹ̀. Láti 2015 ni ẹ̀rọ Statcast ti wà ní gbogbo pápá Major League, ó ń wọn bí bọ́ọ̀lù ṣe yára tó, bó ṣe ń yí tó, bó ṣe le tó nígbà tó kúrò lára igi. Wọ́n ń kọ ọ́ sí igun àwòrán, èmi tí mo jókòó sílé ń kà á. Ọkùnrin yìí á wò ó, á ní, "Máìlì 98, ìyẹn yára o." Yára ju ti ta ni? Ṣé ó yára ju bó ṣe ń jù ú ní inning kìíní lọ ni, àbí máìlì 100 ló fi bẹ̀rẹ̀ tí apá ẹ̀ ti wá ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ó ti ń rẹ̀ ẹ́, a jẹ́ pé mánéjà máa tó mú ẹlòmíì wọlé nìyẹn, ọ̀rọ̀ gidi sì nìyẹn, torí ó lè yí eré padà. Kò sọ ìkankan nínú ẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti Freeman, batter ikọ̀ Dodgers. Lọ́jọ́ kan tí kò sí eré tuntun, wọ́n tún eré àkọ́kọ́ World Series 2024, ìdíje àṣekágbá Major League, gbé, ti October 25, Dodgers pẹ̀lú Yankees ní Los Angeles, wọ́n sì gbé ọkùnrin yìí sídìí ẹ̀ kó máa là á yé wa. Inú mi dùn gan-an, torí mi ò mọ inning tó kún fún àlàyé ju inning kẹwàá ọjọ́ yẹn lọ, ìyẹn àfikún tí wọ́n gbá torí ọ̀mì ni wọ́n ta lẹ́yìn mẹ́sàn-án. Yankees ń ṣáájú pẹ̀lú 3-2, out kan ti wà, eléré Dodgers wà ní béèsì kìíní àti ìkejì, ni Yankees bá mú pitcher wọn, Nestor Cortes, wọlé, ẹni tí kò tíì jubọ́ọ̀lù nínú eré kankan láti September 18 torí apá tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Shohei Ohtani ti Dodgers gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sókè sápá òsì, Alex Verdugo ti Yankees sáré, ó mú un, àmọ́ ó takìtì kọjá ògiri bọ́ sáàárín èrò. Òfin wá ní bí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù bá bọ́ síta báyẹn, eléré tó wà lórí béèsì á sún síwájú béèsì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló sọ ọ́ di pé béèsì kejì àti ìkẹta kún, ìkíní ṣófo. Mookie Betts ló kàn, ọlọ́wọ́ ọ̀tún, Freddie Freeman ló tẹ̀ lé e, ọlọ́wọ́ òsì. Cortes náà, ọwọ́ òsì ló fi ń jubọ́ọ̀lù, ó sì sábà máa ń nira fún batter ọlọ́wọ́ òsì láti gbá bọ́ọ̀lù pitcher ọlọ́wọ́ òsì. Ni Yankees bá mọ̀ọ́mọ̀ fún Betts ní walk, ìyẹn ni pé wọ́n ní kó rìn lọ sí béèsì kìíní láìju bọ́ọ̀lù kankan sí i, wọ́n ní Freeman làwọn fẹ́. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí Cortes jù sí i, fastball tó sún mọ́ ara ẹ̀, Freeman tí ọrùn ẹsẹ̀ ń dùn gbá a kọjá ògiri apá ọ̀tún, ẹni mẹ́rin wọlé, 6-3, eré parí. Kò sẹ́ni tó fi grand slam, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri nígbà tí béèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún, parí eré World Series rí kó tó dọjọ́ náà.

Ẹ wo bó ṣe lọ́ mọ́ra tó! Ìṣubú Verdugo ló ṣí béèsì kìíní sílẹ̀, béèsì tó ṣí ló jẹ́ kí wọ́n lè fún Betts ní walk, walk yẹn ló kó gbogbo béèsì kún, bọ́ọ̀lù méjì péré sì ni Cortes jù látìgbà tó wọlé. Kí wá ni alálàyé wa sọ? "Ó wu Freeman ju bó ṣe wu àwọn tó kù lọ. Àwọn ẹni ńlá máa ń ṣe nǹkan ńlá." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta! Ṣé kò wu Cortes ni? Ṣé eré ìdárayá lásán ni Verdugo ń ṣe tó fi takìtì wọ àárín èrò? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, mi ò purọ́, torí àbúrò mi wà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ pé Freeman gbá a torí pé ó wù ú.

Lórí ọ̀rọ̀ walk nìkan, mo lè bá a jà. Bí batter bá fi sùúrù wo ball mẹ́rin tó sì rìn lọ sí béèsì kìíní, á ní, "Igi ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, wọn ò ní kó wá dúró." Ọ̀gá, out 27 péré ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nínú inning mẹ́sàn-án, out yẹn lowó tí wọ́n ń ná, ẹni tó gba walk dé orí béèsì láìná kọ́bọ̀. Ní 2004, ẹ̀ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n-lé-nígba, 232, ni batter kan, Barry Bonds, gba walk, 120 nínú ẹ̀ ló jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún un ni, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n láti jubọ́ọ̀lù sí i. Bí walk ò bá jẹ́ nǹkan, kí ló dé tí iye ìgbà tó dé orí béèsì lọ́dún yẹn fi jẹ́ .609, ìyẹn ni pé nínú ìgbà mẹ́wàá tó dúró, ó lé ní mẹ́fà tí wọn ò lè mú un? Àwọn tó ń wá eléré kiri fún ikọ̀ ti mọ èyí tipẹ́, alálàyé tó ń gbowó lórí ẹ̀ ni ò tíì gbọ́.

Òfin tuntun náà, kò mọ̀ ọ́n délé. Aago pitcher tó wọlé ní 2023, tó ń ka àkókò tí pitcher gbọ́dọ̀ jubọ́ọ̀lù láàárín ẹ̀, ìṣẹ́jú-àáyá 15 ni tí kò bá sẹ́nì kankan lórí béèsì, 20 ni tí èèyàn bá wà níbẹ̀, ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n dín 20 yẹn kù sí 18. Òun ṣì ń sọ 20 títí dòní.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ jù o. Vin Scully ṣe kọmẹntétọ̀ fún Dodgers láti 1950, ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní Brooklyn, títí di 2016, sáà 67 gbáko. Ní World Series 1988, nígbà tí Kirk Gibson ti Dodgers, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń dùn, gbá home run, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó kọjá ògiri, tó parí eré àkọ́kọ́, Scully sọ pé bọ́ọ̀lù ti lọ, ó sì panu mọ́, ó lé ní ìṣẹ́jú kan tó fi jẹ́ kí ariwo èrò máa sọ̀rọ̀. Ó mọ̀gbà tọ́rọ̀ tó. Ọkùnrin tiwa yìí, bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá ògiri báyìí, kíá, "Tó o bá gbá a báyẹn, ó máa ń lọ jìnnà." Kí ni ká fi ìyẹn ṣe?

Nítorí náà, ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn, iṣẹ́ àwọn tó ń gbé àwòrán ló sì gbà á fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó, ẹ san án, kò sí wàhálà, àmọ́ ẹ wọ ibi tí wọ́n ti ń yan ohùn nínú áàpù yẹn, ẹ yan ti rédíò ikọ̀ tẹ́ ẹ bá ń wò. Ẹni tó wà lórí rédíò mọ̀ pé àwọn tó ń gbọ́ òun ò rí nǹkan kan, kò lè sọ pé "ẹ rí i" kó sì dákẹ́, ó ní láti sọ ibi tí bọ́ọ̀lù gbà, ẹni tó mú un, àti ohun tó fà á.

Ohun tá a ti ń lò láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Lálẹ́ àná, pitcher ọlọ́wọ́ ọ̀tún kan ju fastball méjì, àbúrò mi ti na ìka sí tẹlifíṣàn, "Ẹ̀gbọ́n mi, slider ló kàn o, ẹ máa wò ó." Changeup ló jù, bọ́ọ̀lù tó jọ fastball àmọ́ tí kò yára tó o. Batter gbá afẹ́fẹ́. Kó tó dijú pọ̀, ọkùnrin orí rédíò ti sọ pé ọlọ́wọ́ òsì ni batter yẹn, inú igi ẹ̀ gan-an ni slider ìbá yà wọ̀, changeup ló máa ń sá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Àbúrò mi ní, "Áà, torí ọwọ́ tó fi ń gbá a ni!" Ó ṣí ìwé ẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀, ó sì padà sí ojú ìwé ti Freeman, ó fi báírò fa ìlà lé e lórí.