Láptọ́ọ̀pù 12 tá a rà fún iléèwé wa: ọjà dáa, invẹ́tà ló bà wá nínú jẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwa tá a jọ jáde níléèwé ìjọba kan níbí l'Abẹ́òkúta la dáwó jọ pé ká ra kọ̀ǹpútà fáwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ báyìí, ẹni tó wà ní Kánádà fi tiẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú náà mú tiẹ̀ wá. Èmi tí mò ń gbé Ìbarà ni wọ́n ní kí n lọ rà á. Ṣọ́ọ̀bù tòkunbọ̀ kan l'Ókè-Ìlewò ni mo lọ, mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ máa tó rí ìdí ẹ̀.

Dẹ́sítọ́ọ̀pù ló wà lọ́kàn wa tẹ́lẹ̀, ká má parọ́, ó máa ń gbayì nínú fọ́tò tí wọ́n bá tò ó sórí tábìlì. Ọmọkùnrin tó ń tajà ló bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi gbé e tí NEPA bá mú iná?" Ẹnu mi wọhò. Ó ṣírò ẹ̀ sẹ́yìn páálí: dẹ́sítọ́ọ̀pù kan àti skríìnì ẹ̀ lè jẹ tó wáàtì 150, méjìlá á jẹ́ 1,800, láptọ́ọ̀pù ò sì ní jẹ ju nǹkan bíi 45 lọ, méjìlá ò pé 600. Ó tún ní kí n má ra èyí tí Intel ẹ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, ò tó 8th gen (ìran kẹjọ) torí Windows 11 ò ní gbà á, Microsoft sì ti jáwọ́ nínú Windows 10 látoṣù kẹwàá 2025. Àwọn tí ò tó 8th gen wà ní kọ̀rọ̀ níbẹ̀ bíi òkìtì o, ká ní ó kó wọn fún mi ni, kí ni mo mọ̀?

Ó tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lójú mi, ó ń tẹ powercfg /batteryreport, àṣẹ tó máa ń sọ bí agbára bátìrì ṣe kù sí, ó ń ka ohun tó jáde. Bátìrì kan tó yẹ kó gba 50,000 mWh, 19,000 péré ló ń gbà mọ́, ó yọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òmíràn ń béèrè password kó tó débi Windows rárá, ti ilé iṣẹ́ òyìnbó tó lò ó tẹ́lẹ̀, ó ní pákó lásán nìyẹn, kò ṣeé lò, òun ò ní tà á fún mi. ₦240,000 la jọ parí ẹ̀ sí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá ẹ̀ ló wá gba iṣẹ́ invẹ́tà. Bátìrì méjì, 220Ah (bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó nìyẹn) lọ́kọ̀ọ̀kan, la sanwó fún. Lọ́sẹ̀ kejì tíṣà kọ̀ǹpútà pè mí, àwọn SS3 ń fi JAMB dánra wò, ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì, wọn ò tíì débi ìdajì tí invẹ́tà fi kú, láptọ́ọ̀pù ṣì tàn o, àmọ́ ráútà tó so gbogbo wọn pọ̀ ò ní bátìrì tiẹ̀, gbogbo ẹ̀ bá dúró gbagidi. Tíṣà yìí fi èékánná họ sítíkà ara bátìrì. 150 ló wà lábẹ́ 220.

Mo pe ọ̀gá. "Mò ń bọ̀ lọ́la." Ọ̀la yẹn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gun ọ̀kadà lọ bá a nínú òjò, ó pààrọ̀ ẹyọ kan, ó ní èkejì ń bọ̀ láti Èkó, ó ṣì ń bọ̀ títí dòní. Nígbà tí mo sì sọ lórí WhatsApp wa pé ká dáwó bátìrì míì, ibẹ̀ pa lọ́lọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jà lórí orúkọ ta ló máa kọ́kọ́ wà lára pátákó ara ògiri tá a fẹ́ kọ orúkọ àwa tá a dáwó sí, mò ń wò yín o.

Láptọ́ọ̀pù, 9 nínú 10. Invẹ́tà, 2, torí ẹyọ kan tó pààrọ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ọmọkùnrin yẹn ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ sì wá bátìrì yín lọ síbòmíì, kẹ́ ẹ họ sítíkà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.