Búlọ́ọ̀kù onígi táwọn ìbejì mi ń fi ṣeré: igi yẹn dáa, páálí ẹ̀ ni mi ò fẹ́

Oṣù kẹjọ rèé tí búlọ́ọ̀kù yìí ti wà nílé wa, torí náà kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u kúrò nínú páálí lánàá tí mo wá ń sọ̀rọ̀. Ìbejì làwọn ọmọ mi, Táyé lobìnrin, Kẹ́hìndé lọkùnrin, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pé ọdún 4 nígbà tí mo rà á.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti igi yẹn. Ó dáa gan-an. Wọn ò kùn ún lọ́dà kankan, wọ́n fi sáńpépà ha á débi tó fi ń dán, mo fọwọ́ pa gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé e fún wọn, kò séyìí tó gún mi lọ́wọ́, ó sì wúwo dáadáa, tẹ́ ẹ bá tò ó kò ní máa ṣubú fúnra ẹ̀. Wọ́n ti jù ú mọ́lẹ̀, wọ́n ti gùn ún, wọ́n ti fi eyín họ ọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ló là nínú ẹ̀. Àléébù ẹ̀ ò ju pé kò sí àpò tá a lè kó o sí, àwọn roboto kéékèèké yẹn sì máa ń yí lọ sábẹ́ àga, tẹ́ ẹ bá lọ́mọ tí ò tíì pé ọdún 3 nílé ẹ kó àwọn yẹn pa mọ́ jọ̀ọ́, ó lè há a lọ́fun.

Ibi tí inú ti bí mi ni ti páálí. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà. Ti búlúù, wọ́n ya ọmọkùnrin sí i lára, igi 60 ló wà nínú ẹ̀, afárá wà níbẹ̀, táyà wà níbẹ̀. Ti pínkì, ọmọbìnrin ni wọ́n yà sí i, igi 36 péré, kò sí afárá, kò sí táyà, wọ́n wá kó sítíkà òdòdó dí i. Igi kan náà, iléeṣẹ́ kan náà, owó kan náà! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka nọ́ńbà yẹn torí mo rò pé mo ṣì í kà ni. Ti 60 ni mo rà, mo sì fa páálí ẹ̀ ya káwọn ọmọ tó jí.

Àǹtí mi wá kí wa lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá Táyé níbi tó jókòó sí láàárín igi, wọ́n ní "Ìyá Ìbejì, tọ́ì ọkùnrin lo rà fún ọmọ yìí?" Mo ní "Igi ni o mà, ẹ bá mi wo ibi tí wọ́n kọ ọkùnrin sí lára ẹ̀." Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọn ò sọ nǹkan kan mọ́, nígbà tó ṣe mo rí i tí wọ́n ń bá a to ọ̀kan mọ́ ọ̀kan.

Mi ò ní purọ́ fún yín o, àwọn ọmọ yìí kì í ṣeré bákan náà. Òkè ni Kẹ́hìndé máa ń tò ó lọ, á tò ó títí á fi ga dé àyà ẹ̀, á sún sẹ́yìn, á wá fẹsẹ̀ gbá a, gbàgà! á rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ni Táyé ń tẹ́ tiẹ̀ sí, yàrá rèé, pálọ̀ rèé, roboto gígùn ni Mọ́mì, èyí tó kéré jù ni bèbí, ó ti gba áńkáṣíìfù mi tó fi ń bo bèbí yẹn, á ní "ẹ má pariwo, ó ti sùn." Mi ò kọ́ ìkankan nínú wọn.

Ìwádìí kan wà tí Jadva, Hines àti Golombok gbé jáde lọ́dún 2010, wọ́n ń fi àwòrán han àwọn ọmọ oṣù 12 sí 24, àwọn obìnrin wo ọmọláńgidi pẹ́ ju bí ọkùnrin ṣe wò ó lọ, àwọn ọkùnrin náà wo mọ́tò pẹ́ ju bí obìnrin ṣe wò ó, ṣùgbọ́n nígbà tó kan pínkì àti búlúù, kò síyàtọ̀ láàárín wọn. Ìwádìí míì tí LoBue àti DeLoache ṣe jáde lọ́dún 2011, wọ́n ní tó bá ti ń lọ sí ọdún 2 àbọ̀ làwọn obìnrin máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú pínkì ju àwọ̀ míì lọ, táwọn ọkùnrin á sì máa sá fún un. Lójú tèmi, ìwọ̀nba tó wà lára ọmọ wà lára ẹ̀, ti àwọ̀ yìí àwa àgbà la kó o lé wọn lórí.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Susan Levine àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, lọ́dún 2012. Wọ́n ń lọ wo àwọn ọmọ 53 nílé bí wọ́n ṣe ń bá òbí wọn ṣeré, nígbà tí wọ́n wà láàárín ọdún 2 sí 4. Àwọn tó máa ń to puzzle, ìyẹn àwọn ègé tí wọ́n ń tò pọ̀ di àwòrán, nígbà tí wọ́n pé ọdún 4 àbọ̀, wọ́n mọ̀ ju àwọn tí kì í tò ó lọ, bí ègé méjì ṣe máa rí téèyàn bá yí i tó sì so ó pọ̀. Iye ìgbà tọ́kùnrin tóbìnrin ń tò ó ò yàtọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń gbé fọ́kùnrin le jù, òbí sì máa ń dá sí i, wọ́n á máa sọ òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́, etí. Mo kà á, mo jókòó, torí mo rántí pé Kẹ́hìndé ni mo máa ń sọ fún pé "yí i, fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjú sókè, ìsàlẹ̀ ló yẹ kéyìí tó tóbi wà", "ó rẹwà o, ọmọ mi" ni mo máa ń sọ fún Táyé. Látìgbà yẹn mo ń bá àwọn méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá Táyé fi afárá so ilé ẹ̀ pọ̀ mọ́ ilé àǹtí bèbí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wó kó tó rí i pé òun gbọ́dọ̀ sún òpó méjèèjì mọ́ra, Kẹ́hìndé ló bá a fi mọ́tò oníi táyà gbé bèbí kọjá, jẹ́jẹ́, torí pé bèbí ń sùn.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ rà á nìyẹn. Àwọn olùwádìí kan, Maccoby àti Jacklin, kọ ọ́ lọ́dún 1987 pé àkókò táwọn ọmọ ọdún 4 àbọ̀ fi ń bá ọmọ tó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tiwọn ṣeré tó nǹkan bí ìlọ́po 3 èyí tí wọ́n fi ń bá àwọn tó kù ṣeré, tí wọ́n bá fi máa di ọdún 6 àbọ̀ ó ti di ìlọ́po 11. Àkókò táwọn méjì yìí á ṣì jọ jókòó lórí rọ́ọ̀gì kan ò pọ̀ mọ́, tọ́ì yìí ló máa ń mú wọn jọ jókòó.

Ìràwọ̀ 5 ni mo fún igi, 1 ni mo fún páálí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá igi 24 tẹ́ ẹ yọ kúrò nínú ti pínkì padà síbẹ̀, àti afárá yẹn pàápàá.